Ìkùukùu Kì í Bá Atẹ́gùn Gbé

Ọjọ kẹrin, oṣu kẹwaa

Maami mi ọwọn,

Ẹ ku ile, ẹ ku iṣẹ aṣọ. Ṣe alaafia ni ẹ wa? Ṣe eekun yin ti fuyẹ? Awa naa wa nibi, a dupẹ. Ẹ ma binu pe mi o fi ami sori ọrọ, kanmọkanmọ ni mo n kọ ọ ki ọkọ to n ko lẹta too lọ.

A ti ko kuro ninu yara kan ti a wa tẹlẹ. Isalẹ ni ile tuntun wa wa, laaarin oke meji. O ni yara meji ati agbala ti mo ti le sa aṣọ. Mo si ti ri iṣẹ si ibudo oju ọjọ. Iṣẹ naa ko le: mo n wọn oorun, mo n wọn atẹgun, mo n kọ wọn sinu iwe ni wakati mẹta mẹta. Obinrin ni ọga mi, o le bi oju ẹja, ṣugbọn ko ni ika ninu.

Ohun kan ṣoṣo to n yọ mi lẹnu nibi ni ikuuku. Lati ọjọ ti a ti de ile yii, ikuuku ni mo n ji ba laraarọ. Lọjọ Tusidee, o bo mi loju debi pe mo fẹrẹẹ ṣubu lori atẹgun ẹnu ọna. Nigba ti mo sọ fun Jẹjẹ, o kan rẹrin-in ni, o ni yoo mọ mi lara. Awọn araadugbo naa ni bo ṣe n ri nibi niyẹn.

Ẹ ba mi ki gbogbo ile.

Emi ni ọmọ yin,
Abẹrẹ

Ẹ ku ile o, Iya. Ọmọ yin wa lọwọ mi, ẹ ma foya. Jẹjẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, àmọ́ kíkí náà kò dénú. Èmi kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́rú, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Tíṣà Alámì, tó kọ́ àwa ìyá arúgbó níwèé nílé ẹ̀kọ́ àgbà, máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò lámì, aṣọ tí kò ní bọ́tìnnì ni, ibi tó bá wù ú ló máa ṣí sí. Èmi tí mo fi ogójì ọdún ó lé ṣe púrúǹtù kí n tó mọ̀wé kà, mi ò fojú kékeré wo àmì rárá.

O ní ò ń wọn “oorun”. Ṣé oorun tí à ń sùn ni, àbí òórùn tí imú ń gbọ́? Ta ló ń gbani síṣẹ́ pé kó wá wọn oorun? O tún ní ò ń wọn àtẹ̀gùn. Ṣé káfíńtà lo wá dà ni?

Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó gbé mi dìde lórí àga ni ìkúùkù. Ìkúùkù lo ń jí bá láràárọ̀! Ìkúùkù bò ọ́ lójú lọ́jọ́ Túsìdeè, o fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú! O wá sọ fún ọkọ rẹ, ọkọ rẹ ń rẹ́rìn-ín, ó ní yóò mọ́ ọ lára! Ṣé ìyà ni ara ń mọ́? Àwọn ará àdúgbò náà sì jókòó tẹtẹrẹ, wọ́n ní bó ṣe ń rí níbẹ̀ nìyẹn. Irú àdúgbò wo nìyẹn?

Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn wá tọrọ rẹ, gbogbo ẹbí ló ń yìn ín. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ẹni jẹ́jẹ́ ni, bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Èmi nìkan ni mi ò sọ̀rọ̀. Ẹni tí kì í pariwo, mi ò mọ ibi tó ń kó ariwo tirẹ̀ pamọ́ sí. Ó tún wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ pé o wà lọ́wọ́ òun. Ọwọ́ wo? Èyí tó là ni àbí èyí tó dì?

Fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kí o sì dá mi lóhùn kíákíá. Mi ò lè ṣiṣẹ́. Lánàá mo jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì lọ́yà mọ́ áyọ́ọ̀nù, nítorí ọkàn mi ò sí nílé.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá

Màámi,

Ẹ kú àníyàn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ìkùukùu ni mo fẹ́ kọ, kì í ṣe ìkúùkù, ìkánjú ló jẹ́ kí n fo u kan nídìí rẹ̀! Ìkùukùu, èyí tó máa ń funfun bí èéfín, tó ń bo ojú ọ̀nà láàárọ̀. Ẹnikẹ́ni ò lù mí. Oòrùn ojú ọ̀run ni mò ń wọ̀n, atẹ́gùn tó ń fẹ́ ni mò ń wọ̀n. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, torí mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi nílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ka lẹ́tà yín fún Jẹ́jẹ́, òun náà rẹ́rìn-ín.

Kí ẹ má bàa sọ pé mò ń fi nǹkan pamọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ọ̀gá mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Omi wà nínú afẹ́fẹ́ nígbà gbogbo, ojú ni ò rí i. Omi tó kúrò lára aṣọ tí ẹ sá, inú afẹ́fẹ́ ló lọ, kò sọnù. Afẹ́fẹ́ tó gbóná lè gba omi púpọ̀ mọ́ra, èyí tó tutù ò lè gba púpọ̀. Tí oòrùn bá wọ̀, tí ojú ọ̀run sì mọ́, ooru ilẹ̀ á máa gòkè lọ, ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ tó wà nítòsí ilẹ̀ á tutù pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Ó máa ń ṣàn wálẹ̀ láti ara òkè bí omi, á wá gbárajọ sísàlẹ̀ níbi tí ilé wa wà. Tó bá tutù dé ìwọ̀n kan, kò ní lè gbé omi inú rẹ̀ mọ́. Omi yẹn á yọ síta, á di ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí kò wúwo tó láti já bọ́. Ẹgbàágbèje wọn ló ń jẹ́ ìkùukùu. Ẹ ṣí ìdérí ìkòkò omi gbígbóná wò, omi tó so rọ̀ mọ́ inú rẹ̀ yẹn, ọmọ ìyá ìkùukùu ni.

Ìkùukùu tiwa yìí kì í bá atẹ́gùn gbé. Ọ̀gá mi ní ti orí òkun lè bá atẹ́gùn rìn, àmọ́ ti àárín òkè, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ díẹ̀ báyìí, á po afẹ́fẹ́ tútù ìsàlẹ̀ mọ́ èyí tó gbóná lókè, ìkùukùu á tú ká. Aṣọ orí okùn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó jáde nílé. Tí aṣọ bá ń mì, mo mọ̀ pé ọ̀nà mọ́. Tó bá dúró gbagidi, ọwọ́ ni màá fi táràrà dé ibi iṣẹ́.

Níbi iṣẹ́, a ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, méjì ni wọ́n so mọ́ra. A fi aṣọ tútù wé ìdí ọ̀kan. Omi tó ń kúrò lára aṣọ yẹn máa ń kó ooru lọ, torí náà ìyẹn máa ń tutù ju èkejì rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá jìnnà síra, afẹ́fẹ́ gbẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò gba sí i mọ́.

Ẹ bá mi bẹ lọ́yà nítorí kọ́là rẹ̀.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́

Ẹ kú ìfura o, Ìyá. Jẹ́jẹ́.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo kí ọ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ojú tì mí díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó mu omi yó yẹn, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ti rin gbindin, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kó má wá lọ́la. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ń ṣe mí. Àmọ́ èmi kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìfọwọ́ kàn án. Mo fọ hánkáṣíìfù méjì, mo sá ọ̀kan sẹ́yìn ògiri níbi tí oòrùn wà tí atẹ́gùn ò dé, mo sá èkejì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí òjìji wà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Èyí tó wà lábẹ́ òjìji ló kọ́kọ́ gbẹ! Mo tún fi aṣọ tútù wé apá òsì mi, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó tutù bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ jáde. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì sáré wá, ó ní ta ló ṣá mi lọ́gbẹ́. Mo ní ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́, ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ fẹ́ yí.

Ó dáa, mo gbà pé ìkùukùu ni. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán o. Kí ló dé tí o fi ń ka lẹ́tà ìyá rẹ fún ọkọ rẹ? Ṣé o ka ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ pẹ̀lú? Tó bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tó wá ń rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ọkùnrin tí kò ṣe nǹkan, tí wọ́n pè é ní alùyàwó, inú ló máa bí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ. Mo wo ẹ̀yìn àpò lẹ́tà náà, ó jọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ta ló ṣí i?

Bínú sí mi tó bá wù ọ́. Ìfura loògùn àgbà. Ya fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Kọjú síwájú dáadáa, má tẹ orí, má fi ìborùn bo nǹkankan.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní

Abẹ́rẹ́,

Mi ò rí lẹ́tà. Ọdún ti yí, oṣù kan ààbọ̀ ti lọ. Apínlẹ́tà ti ń sá fún mi báyìí, tó bá ti rí mi lójú títì, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà kọjá. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Iṣẹ́ tó pọ̀ kì í dá ọmọ dúró kó má lè kọ “mo wà” ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Fọ́tò dà?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, ẹ fojú fo bó ṣe wọ́.

Mo ṣubú ni. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ìkùukùu bo gbogbo àdúgbò, ó ki débi pé mi ò rí ògiri. Orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀. Mo fi ọrùn ọwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀, mo sì fojú gbá irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Dókítà ti dì í, ó ní kò ní pẹ́ jinná.

Ọjọ́ yẹn le o, Màámi. Atẹ́gùn ti ń fẹ́ látìdájí. Ó já aṣọ ìtẹ́sùn mẹ́ta tí mo sá kúrò lórí okùn, ó gbé ọ̀kan sórí òrùlé aládùúgbò. Kò dáwọ́ dúró títí di ọ̀sán. Ìkùukùu náà ò sì kúrò, ó dúró gbagidi títí di ọ̀sán. Ṣé ẹ ṣì ń wo aṣọ yín lórí okùn bí mo ṣe kọ́ yín? Ẹ máa wò ó dáadáa.

Ẹ má dààmú nípa fọ́tò, tí ojú mi bá ti wálẹ̀, màá yà á. Jẹ́jẹ́ ń tọ́jú mi gan-an. Òun ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ. Ibi iṣẹ́ nìkan ló gbà kí n máa lọ. Ìwé ibi iṣẹ́ ni mo fi kọ èyí torí tilé ti tán, ẹ má ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sókè rẹ̀ sí.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́

Ìyá, mo ti ń sọ fún un tipẹ́ kó máa wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Ọmọ yín kì í gbọ́ràn. Ẹ bá mi bá a wí. Jẹ́jẹ́.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì
Sí ibùdó ojú ọjọ́. Kí ọ̀gá obìnrin jọ̀ọ́ fi lé ọmọ mi lọ́wọ́.

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi,

Ìwọ nìkan ni kó ka èyí. Tí o bá kà á tán, fún ọ̀gá rẹ kó bá ọ tọ́jú ẹ̀, má mú un délé. Àdírẹ́sì tí o ní kí n má kà sí yẹn, òun ni mo kọ́kọ́ kà.

Mo gbé lẹ́tà rẹ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì tí mo ti ń lọṣọ. Nínú ti oṣù kọkànlá, o kọ ọ́ fúnra rẹ pé ìkùukùu àárín òkè kì í bá atẹ́gùn gbé, pé bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ díẹ̀, á tú ká. Nínú èyí, atẹ́gùn tó lágbára láti gbé aṣọ ìtẹ́sùn sórí òrùlé fẹ́ látìdájí dọ̀sán, ìkùukùu sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?

Èkejì rèé, èyí o ò kọ́ mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Aṣọ ìtẹ́sùn tó tutù wúwo. Èyí tí atẹ́gùn bá lè gbé dé orí òrùlé ti gbẹ tán. Aṣọ kì í sì í gbẹ nínú ìkùukùu. Afẹ́fẹ́ tó ti mu omi yó, níbo ló fẹ́ gba omi aṣọ rẹ sí?

Mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Mo kó méjèèjì lọ bá Tíṣà Alámì, mo fọwọ́ bo orúkọ. Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó ní, “Ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ mọ ojú ọjọ́. Tó bá jẹ́ òun náà ló kọ èkejì yìí, ó ń purọ́ ni, àbí ó ń pe èèyàn.” Mo dìde kúrò níbẹ̀, mi ò rántí dágbére fún un.

Lẹ́tà míì ń bọ̀ wá sílé yín, ìyẹn tí ọkọ rẹ máa ṣí. Mo kí i dáadáa nínú rẹ̀, mo sì bá ọ wí nítorí bàtà. Kí Ọlọ́run forí jì mí fún irọ́ tí mo kó síbẹ̀.

Ọmọ mi, kí ló bò ọ́ lójú lọ́jọ́ Sátidé? Fi àmì sí i.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ọ̀gá mi fi lẹ́tà yín lé mi lọ́wọ́, ó bọ́ síta kí n lè ráyè kà á.

Ìkúùkù ni.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, ìkùukùu ni lóòótọ́, mi ò purọ́ fún yín, ẹ̀rín tí mo rín náà dé inú mi. Àmọ́ nígbà tó ka èyí tí ẹ fi béèrè fọ́tò, kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì jẹ́ kí n fèsì. Ó ní ta ni mò ń ro ẹjọ́ òun fún. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Màámi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan tí a wà tẹ́lẹ̀. Ó máa ń tì mí lu ògiri, mo máa ń sọ fún ara mi pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn pàápàá, ohùn rẹ̀ ò ròkè. Bó ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀yìn mi ló máa ń dúró sí tí mo bá ń kọ̀wé. Láti ìgbà tí ẹ ti pe ìkùukùu ní ìkúùkù, àmì kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìka tọ́. Ojú ọjọ́ ni kò mọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kó atẹ́gùn àti ìkùukùu sínú ọjọ́ kan ṣoṣo. Oòrùn ló ràn lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà mọ́ kedere, ewé kan ò mì. Ó ka gbogbo rẹ̀, ó ní ó dáa, ó fi tirẹ̀ sí i. Mò ń wò ó bó ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹnì kan ṣoṣo láyé ló máa mọ̀ pé irọ́ ni, tí kò bá tíì gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá mi ní òun á gbé mi dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá ti múra tán. Èmi ni mi ò tíì múra. Màámi, kì í ṣe òun nìkan ló ń bà mí lẹ́rù, ẹ̀yin náà ń bà mí lẹ́rù. Gbogbo ọdún tí ẹ fi wà pẹ̀lú bàbá mi, ohunkóhun tó bá ṣe, sùúrù lẹ máa ń sọ. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu yín rí. Tí mo bá dé pẹ̀lú báàgì kan àti ọwọ́ tí wọ́n dì, tí ẹbí bá pé jọ, tí wọ́n ń yin ọkùnrin jẹ́jẹ́, kí lẹ máa sọ? Ṣé ẹ ò ní ní kí n padà?

Mò ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu yín.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta
Sí ibùdó ojú ọjọ́

Abẹ́rẹ́ mi,

Bàbá rẹ lù mí. O kéré nígbà yẹn, àmọ́ o mọ̀. Mo pè é ní sùúrù torí pé mi ò ní ibi tí mo lè lọ. Ìyá mi ti kú, ilé bàbá mi sì ti kún fún ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin tó níbi tó lè lọ kì í pè é ní sùúrù. Ó dùn mí pé irọ́ yẹn nìkan lo gbọ́ lẹ́nu mi dàgbà.

Ẹnu mi ló kó bá ọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ń ka lẹ́tà, mo sì kọ ohun tí mo kọ síbẹ̀. Jọ̀ọ́, foríjì mí.

Mo ti kó aṣọ oníbàárà kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn, láti inú. Tí ẹbí bá pé jọ, ìta ni wọ́n máa pé jọ sí, èmi ni mo sì máa dá wọn lóhùn. Wọn ò ní bi ọ́ ní nǹkankan tí o ò bá fẹ́ sọ.

Má padà délé lọ mú ẹrù. Aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ tó. Má ṣe dágbére fún un.

Má fèsì lẹ́tà yìí. Máa bọ̀.

Ìyá rẹ